Àwòrán Àgbò Wa ní Ìyànà Ọ̀fà

Ọdún tí wọ́n tún gbà wá láyè láti fi èjìká kan èjìká ní yídì ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ṣé ẹ rántí àrùn tó gba ayé kan, tí wọ́n ní ká máa fi aṣọ bo imú, ká má bọ ara wa lọ́wọ́, tí wọ́n sì ti mọ́ṣáláṣí pa? Iléyá ọdún yẹn, inú ilé la ti kírun. Iléyá tó tẹ̀ lé e ni mò ń wí. Èmi kò mọ iye tí wọ́n ń pe ọdún náà. Ọmọ ọmọ mi obìnrin tó ń bá mi kọ ọ́ mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n mo ní kó fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá fi aṣọ bo imú rí yóò mọ ìgbà tí mò ń sọ.

Abúlé wa wà lápá Lágelú. Ẹni tó bá sọ̀ ní Ìyànà Ọ̀fà yóò tún gun ọ̀kadà wọ inú oko kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Iṣẹ́ èlùbọ́ ni mò ń ṣe. Àpáta kan wà lẹ́yìn abúlé, orí rẹ̀ ni mo ti ń sá gbodo mi títí tó fi ń gbẹ. Ọkọ mi ti kú tipẹ́. Àkọ́bí mi ọkùnrin ni ládàánì mọ́ṣáláṣí wa, òun ní ń pe ìrun. Bàbá rẹ̀ ló ń pè é tẹ́lẹ̀. Ohùn bàbá rẹ̀ ló sì wà lọ́fun rẹ̀. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ ní àfẹ̀mọ́jú, èmi a dìde jókòó sórí ẹní, n kò ní tíì fọwọ́ kan omi, kí n lè gbọ́ ọ tán. Nítorí rẹ̀ ni gbogbo abúlé fi ń pè mí ní Ìyá Ládàánì.

Nílẹ̀ wa, àgùntàn kì í gbé inú ọgbà. Yóò jẹ kiri ojú ọ̀nà, yóò wọ ẹ̀yìnkùlé onílé, ìrọ̀lẹ́ ni yóò tó darí wálé. Ìdí nìyí tí agboolé kọ̀ọ̀kan fi ní àmì tirẹ̀. Bí ọmọ àgùntàn bá ti já lẹ́nu ọmú, a ó mú abẹ, a ó gé ṣóńṣó etí rẹ̀ kan. Etí òsì ni tiwa. Bàbá ọkọ mi ló ti ń gé e bẹ́ẹ̀. Etí ọ̀tún ni ti Bàbá Ọlọ́sàn. Bàbá Ọlọ́sàn ni aládùúgbò wa, igi ọsàn tó kún ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ la fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Òun àti ọkọ mi jọ dàgbà ni, wọ́n jọ gbin kòkó wọn. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, àgbò tiwa àti tirẹ̀ jọ ara wọn bí ìbejì: funfun báláú, dúdú yí ojú wọn ká bí ẹni lé tìróò. Baba kan náà ló bí wọn. Etí nìkan la fi ń dá wọn mọ̀.

Nígbà tó ku bí ọ̀sẹ̀ kan kí ọdún dé, àgbò Bàbá Ọlọ́sàn jẹ lọ, kò padà. Gbogbo wa la wá a. Ọmọ mi wà lára àwọn tó wọ oko ẹ̀gẹ́ lọ nínú òjò, tó ń pòòyì kiri, tó ń ké sí àgbò ẹni ẹlẹ́ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Iléyá, kí a tó lọ sí yídì, àgbò tiwa wà lórí ìso lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná. Ìyálé mi, ẹni tí ọkọ mi fẹ́ ṣáájú mi, ti wá láti Akínyẹlé wá bá wa ṣọdún. Mo po ẹ̀kọ gbígbóná, mo gbé igbá ẹ̀kọ náà fún un níbi tó jókòó sí. Ìwọ tí ò ń kọ ọ́ yìí, ìwọ náà wà níbẹ̀. O ti wọ aṣọ ọdún, o na fóònù síwájú ojú ara rẹ, ò ń rẹ́rìn-ín sí i. Àgbò, èmi àti ìyálé mi wà lẹ́yìn rẹ. O yà á, o tún un yà. Mo ní, "Ojú ara rẹ kò tíì sú ọ?" O ní, "Ìyá Àgbà, ọdún mà ni." Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, má yọ ọ́ kúrò.

A ti yídì dé, a pa àgbò. A fi iná jó orí àti ẹsẹ̀ rẹ̀ bó ṣe máa ń rí, etí jóná mọ́ orí. A há ẹran. Ọmọ mi fúnra rẹ̀ ló gbé itan kan lọ fún Bàbá Ọlọ́sàn, nítorí pé bàbá náà kò rí àgbò pa. Ó gbà á, ó sì ṣàdúà fún un.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni oní-fọ́tò Ìyànà Ọ̀fà dé. Gbogbo abúlé ló máa ń yí ká lọ́jọ́ ọdún. Ó ya gbogbo wa níwájú ilé ìdáná, níbi tí a ti ń kun ẹran. Ọmọ ọmọ mi ní kó bá òun gba àwọn tó wà nínú fóònù òun náà, kó lè tẹ díẹ̀ jáde nínú wọn. Ó fi wáyà so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà tó gbé há abíyá, ó ní òun ti kó gbogbo rẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ó kó o. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi máa ṣú, fóònù náà ti bọ́ sínú dúróòmù tí a fi ń gbe omi òjò, kò sì tún jí mọ́.

Ṣùgbọ́n kí ó tó bọ́ sómi, ọmọ ọmọ mi ti mú ọ̀kan nínú àwòrán àárọ̀ yẹn, ó ti gbé e sí ibi tí àwọn ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀ rẹ̀ ti lè rí i lórí fóònù tiwọn, irú èyí tó máa ń parẹ́ fúnra rẹ̀ bí ilẹ̀ bá mọ́. Bàbá Ọlọ́sàn ní ọmọbìnrin kan tó ń ta ata ní Ṣáṣá. Ọmọ yẹn rí i.

Ọjọ́ kẹta ọdún, òjò dáwọ́ dúró díẹ̀, mo wà lórí àpáta, mò ń yí gbodo padà, ni mo gbọ́ ariwo nílé wa. Mo fi gbodo sílẹ̀. Bàbá Ọlọ́sàn ni mo bá láàárín agboolé, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ládàánì! Ládàánì, jáde wá!"

Ọmọ mi jáde, ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá."

"Má kí mi. Àgbò ta lo pa?"

"Àgbò ta ni, báwo? Àgbò tiwa ni, Bàbá. Ẹ̀yin náà mà jẹ nínú rẹ̀."

"Mo jẹ nínú rẹ̀! Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn. O pa àgbò mi, o gé itan rẹ̀, o gbé e wá fún mi, mo tún la ẹnu mi báyìí, mo ṣàdúà fún ọ!"

Ó ní ọmọ òun pe òun láti Ṣáṣá. Ó ní ọmọ náà fi ojú ara rẹ̀ rí i: àgbò funfun olójú dúdú, lórí ìso nílé wa, etí ọ̀tún rẹ̀ ni wọ́n gé.

Mo ní, "Bàbá, ẹ rọra. Ẹ wo ojú ẹni tó kú."

Ó ní, "Ìyàwó olóògbé, má dá sí i."

Láti ọjọ́ tí ọmọ mi ti gba ìpè, bàbá yìí kò pè mí ní ohun mìíràn ju Ìyá Ládàánì lọ. Orúkọ tó pè mí lọ́jọ́ yẹn ló kọ́kọ́ jẹ́ kí n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti kọjá àgbò.

Wọ́n gbé e dé iwájú Baálẹ̀. A ní a mọ abo àgùntàn tó bí àgbò wa. Wọ́n ní abo náà ti kú. A ní etí òsì ni; wọ́n ní etí ti jóná. Gbogbo ẹni tó lè jẹ́rìí wa, ará ilé wa ni. Baálẹ̀ fi ọ̀pá rẹ̀ ha ilẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ wo àwòrán tí ọmọ náà yà. Ó wà lọ́wọ́ oní-fọ́tò. Fọ́tò kò ní ẹbí." Lẹ́yìn náà ó sọ bí yóò ṣe rí. Bó bá jẹ́ etí ọ̀tún ló gé, ládàánì yóò dúró níwájú àwùjọ lọ́jọ́ Jímọ̀, yóò jẹ́wọ́, ìpè yóò sì bọ́ lọ́wọ́ òun àti ọmọ rẹ̀ títí láé. Títí dìgbà tí a ó fi rí àwòrán náà, kí ẹlòmíràn máa pe ìrun.

Oní-fọ́tò ti bá ìyàwó rẹ̀ lọ sí ìlú ìyàwó rẹ̀. A ní láti dúró dè é. Àwọn ọjọ́ yẹn gùn ju ààwẹ̀ lọ. Bàbá arúgbó kan ló ń pe ìrun. Bó bá pè é dé àárín, ikọ́ á gbà á lẹ́nu. Ọmọ mi á jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀ nígbà tí bàbá náà bá ń pè é, mo máa ń rí ètè rẹ̀ tó ń mì, ó ń pè é sínú. Ní ẹnu ẹ̀rọ omi, obìnrin kan tí n kò ṣẹ̀ ní ohùn ládàánì wa mà kúkú dùn o, àní àgùntàn gan-an ń jẹ́ ìpè rẹ̀, wọ́n ń wọlé tọ̀ ọ́ ni. Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mo gbé korobá mi, mo wá sílé láìpọn omi.

Ọmọ mi ní, "Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀. Kò sí ẹni tó ń dúró de fọ́tò yẹn tó mi."

Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ní oní-fọ́tò ti dé, a gbéra. Baálẹ̀, Bàbá Ọlọ́sàn, ọmọ mi, ọmọ ọmọ mi, àti èmi.

Yàrá kékeré lẹ́bàá títì ni ṣọ́ọ̀bù oní-fọ́tò. Àga méjì péré ló wà níbẹ̀. Baálẹ̀ jókòó sórí ọ̀kan, Bàbá Ọlọ́sàn sórí èkejì. Wọ́n ní kí n wá àpótí jókòó, mo ní n kò wá jókòó. Kò sí iná. Oní-fọ́tò ní iná tó kù nínú kọ̀ǹpútà òun kò ní pẹ́ tán, ẹ jẹ́ ká yára. Ó ní orúkọ kò sí lára àwòrán kankan, nọ́ńbà lásán ni ẹ̀rọ ń fún wọn. Ojú la ó fi wá a.

Ó tẹ nǹkan kan, ojú ẹ̀rọ náà sì kún fún àwòrán wẹ́wẹ́. Kò sí èyí tó ju èékánná àtàǹpàkò mi lọ. Wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ, ìlà lórí ìlà, ènìyàn kékeré, ilé kékeré, àgbò kékeré. Bó bá fi ìka fà á sókè, òmíràn á tún yọ nísàlẹ̀. Ó wá rí lójú mi bí ìgbà tí mo bá tẹ́ gbodo sórí àpáta. Oní-fọ́tò ní bí òun bá tẹ ọ̀kan, ọ̀kan yẹn á tóbi, á gba gbogbo ojú ẹ̀rọ. Bí òun bá tún tẹ ibòmíràn, á padà sáàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Àṣé gbogbo ilé ló ń ya àgbò. Àgbò tó dúró, àgbò tó sùn, ọmọdé lórí àgbò, baálé ilé tó di ìwo àgbò mú bí ẹni tó mú olè. Bí funfun kan bá ti yọ, Bàbá Ọlọ́sàn á na ọwọ́.

"Dúró! Òun nìyẹn!"

Oní-fọ́tò á tẹ̀ ẹ́, á tóbi. "Bàbá, ti ìyá aláṣọ iwájú ọjà nìyẹn."

"Ìyẹn ńkọ́? Èyí tó wà lápá ìhín?"

"Ajá ni, Bàbá."

Ọmọ ọmọ mi bú sẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó bá a rín in, ó pa ẹnu mọ́.

A dé orí tiwa. Mo mọ̀ ọ́n kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, aṣọ ọdún ọmọ náà ni mo kọ́kọ́ rí, ó pọ́n ju gbogbo ohun tó wà lójú ẹ̀rọ lọ. Àwòrán àárọ̀ tí àgbò wà nínú rẹ̀ kò pọ̀. Nínú púpọ̀ wọn, àgbò ti kojú bọ inú abọ́ èèpo iṣu, etí rẹ̀ kò hàn. Ẹyọ kan ṣoṣo ni àgbò ti gbójú sókè, tó ń wò wá bí ẹni pé wọ́n pè é. Ọmọ mi sún mọ́ ẹ̀rọ. Ó ní, "Òun nìyẹn. Ẹ tẹ̀ ẹ́." Ohùn rẹ̀ dún bíi ti ẹni tó fẹ́ gba ẹrù rẹ̀ padà.

Ó tẹ̀ ẹ́. Ó tóbi.

Etí ọ̀tún ni.

Kò rú ẹnikẹ́ni lójú. Àgbò dojú kọ wá, ṣóńṣó etí rẹ̀ ọ̀tún ti lọ, òsì pé pérépéré. Mo gbọ́ tí ọ̀kadà kan kọjá lójú títì, tí ohùn rẹ̀ jìnnà lọ títí. Ọmọ mi fọwọ́ kan ojú ẹ̀rọ, bí ẹni pé ìdọ̀tí ló wà níbẹ̀ tó fẹ́ nù ún. Lẹ́yìn náà ó rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ìyá, n kò jí i."

Mo ní, "Mo mọ̀." Ṣùgbọ́n kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: bí mo ṣe ń sọ pé mo mọ̀, ọkàn mi ti sáré padà sínú oko ẹ̀gẹ́ lọ́jọ́ òjò yẹn, ó ń bi mí pé ta ló wà pẹ̀lú rẹ̀. Ojú ni kò jẹ́ kí ọkàn mi gbà. Ta ló lè bá ojú ara rẹ̀ jiyàn?

Bàbá Ọlọ́sàn kò pariwo. Ìyẹn ló burú jù. Ó kàn ń mi orí, ó ní, "Ọmọ ọ̀rẹ́ mi. Ọmọ ọ̀rẹ́ mi." Baálẹ̀ gbá ọ̀pá rẹ̀ mú, ó dìde, ó ní, "Ó tó. Ọjọ́ Jímọ̀ ni." Oní-fọ́tò náà tẹ ẹ̀rọ rẹ̀, àwòrán náà sì kéré padà sáàárín àwọn ìyókù, ó fẹ́ pa á, nítorí iná ẹ̀rọ náà ti ń ké pé òun fẹ́ tán.

N kò lè wo ojú ọmọ mi. N kò lè wo ojú Bàbá Ọlọ́sàn. Ibi tí mo lè wò ni àwọn àwòrán wẹ́wẹ́ yẹn. N kò wá nǹkan kan. Bí mo ṣe máa ń wo gbodo ni mo kàn ń wò wọ́n: ènìyàn kì í mú un níkọ̀ọ̀kan, á ju ojú sí gbogbo rẹ̀ ni, èyí tó bá bu yóò fi ara rẹ̀ hàn láàárín àwọn tí kò bu. Ní ìlà kan, èmi nìyẹn, mò ń gbé abọ́ ẹran fún ìyálé mi. Oní-fọ́tò ló yà á lọ́sàn-án. Ní ìlà tó wà lókè rẹ̀, èmi náà tún nìyẹn, lẹ́yìn àgbò, mò ń gbé igbá ẹ̀kọ fún ìyálé mi. Nǹkan kan kò dọ́gba. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn wọ bàtà sí ẹsẹ̀ òdì.

Mo ní, "Má pa á!"

Oní-fọ́tò wò mí.

"Baálẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró. Ọwọ́ wo ni mo fi ń gbé igbá yẹn?"

Baálẹ̀ tẹ̀ síwájú, ó ṣẹ́jú. "Ọwọ́ òsì."

"Ta ni mò ń gbé e fún?"

"Ìyálé rẹ kọ́?"

"Èmi! Kí n fi ọwọ́ òsì na oúnjẹ sí ìyálé mi! Bàbá Ọlọ́sàn, ìṣojú yín ni mo ṣe wọ ilé yẹn. Ẹ mọ obìnrin náà. Bí mo bá dán an wò, ṣé kò ní da ẹ̀kọ gbígbóná yẹn sí mi lórí?"

Bàbá Ọlọ́sàn ní, "Ènìyàn lè gbàgbé ara rẹ̀."

"Ká ní èmi gbàgbé ara mi. Òun náà ńkọ́? Ẹ wo ọwọ́ tí òun fi ń gbà á."

Wọ́n wò ó. Ọwọ́ òsì ni ìyálé mi náà nà. Ìyálé mi, tó máa ń gbá ọmọdé lọ́wọ́ bó bá fi òsì gba iyọ̀.

Mo ti rí ọ̀nà báyìí, n kò dúró mọ́. Mo ní, "Bí ènìyàn bá dojú kọ ilé ìdáná wa, níbo ni igi àgbálùmọ̀ wà?"

Baálẹ̀ ní, "Ọ̀tún. Mo ti jókòó lábẹ́ rẹ̀ tó."

"Ẹ wo èyí tí oní-fọ́tò yìí yà lọ́sàn-án. Ọ̀tún ni. Ẹ wo ti àárọ̀, ẹ wo igi náà. Òsì. Ṣé igi wa lọ sí yídì ni, tó wá gba ọ̀nà ibòmíràn dé?"

Oní-fọ́tò na ọwọ́ lu itan ara rẹ̀. "Ojú iwájú fóònù ni! Ìyá, ojú iwájú fóònù ló fi yà á, èyí tí wọ́n fi ń ya ara ẹni. Àwọn fóònù kan wà, bíi dígí ni wọ́n ṣe ń yà á. Tèmi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀."

Bàbá Ọlọ́sàn ní, "Ẹ̀rọ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yí mi lórí ni."

"Bàbá, ẹ wá. Ẹ dúró tì mí. Ẹ gbé ọwọ́ ọ̀tún yín sókè."

Bàbá náà gbé e sókè, ó le ojú koko. Oní-fọ́tò na fóònù síwájú àwọn méjèèjì, ó yà wọ́n, ó gbé e fún un. Bàbá Ọlọ́sàn wo fóònù. Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Ó tún wo fóònù. Ọwọ́ òsì ló wà lókè nínú rẹ̀. Fìlà rẹ̀ tó gẹ̀ sápá ọ̀tún, òsì ló gẹ̀ sí. Kò tíì sọ ọwọ́ náà kalẹ̀. Ó wà lókè bẹ́ẹ̀, bí ọwọ́ ẹni tó fẹ́ búra.

Oní-fọ́tò sáré padà sídìí kọ̀ǹpútà. Ó tẹ àwòrán àárọ̀, ó tóbi, ó wá tẹ ibì kan, gbogbo rẹ̀ sì yí padà bí ẹni yí ẹní. Igi bọ́ sí ọ̀tún. Igbá ẹ̀kọ bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún mi, ìyálé mi fi ọ̀tún gbà á. Àgbò wò wá, ṣóńṣó etí òsì rẹ̀ ni kò sí. Gbogbo wa la rí i, Baálẹ̀ tilẹ̀ fi orí ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sí i. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ ṣókùnkùn, iná rẹ̀ tán.

Ìwọ lo kọ́kọ́ sunkún, ìwọ ọmọ tí ò ń kọ ọ́ yìí. O ní ìwọ lo fẹ́ fi àwòrán rẹ ba bàbá rẹ jẹ́. Mo ní kí o dákẹ́, pé bí kò bá sí àwòrán rẹ, kò sí ohun tí à bá fi wẹ̀ ẹ́ mọ́. Ọmọ mi kò sunkún. Ó ṣì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀.

A dé abúlé nígbà tí Alásárì ti ń sún mọ́. Mò ń wò láti ẹnu ọ̀nà wa. Bàbá Ọlọ́sàn kò wọ ilé rẹ̀. Ó lọ sídìí dúróòmù mọ́ṣáláṣí, ó mú búùtà kan, ó pọn omi àlùwàlá sínú rẹ̀ fúnra rẹ̀, àgbà tí àwọn ọmọ ń pọn omi fún, ó gbé e kọjá láàárín àwọn ènìyàn tó wá gbọ́ ìròyìn. Ó gbé e wá sílé wa.

"Ládàánì, gba omi."

Ọmọ mi dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, ẹ̀yin kọ́ ló yẹ kó gbé omi fún mi."

"Èmi náà ni. Mo fi ẹnu mi bà ọ́ jẹ́, jẹ́ kí n fi ọwọ́ mi tún un ṣe. Gbà á, àsìkò ń lọ." Ó wá yíjú sí mi, kò lè wò mí tààrà. "Ìyá Ládàánì, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́."

Mo wọlé, mo tẹ́ ẹní, mo jókòó lé e. Nígbà tí ọmọ mi kọ́kọ́ gbé ohùn sókè, ohùn náà ya. Ó dúró. Ó tún un gbé.

Àgbò Bàbá Ọlọ́sàn kò padà wá títí di òní, a kò sì mọ ibi tó gbà lọ. Nígbà tí Iléyá tó tẹ̀ lé e dé, gbogbo ọmọ mi wá sílé. A pa àgbò, a ń há ẹran. Àbúrò ládàánì, ọmọ mi obìnrin, mú itan kan lọ́wọ́, ó bi mí bóyá ti Bàbá Ọlọ́sàn náà ni mo tún fẹ́ yọ sọ́tọ̀. Ó ní ẹni tó pe wá lólè lójú gbogbo ayé! Àwọn ìyókù ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹni tó jẹ ẹran wa tó tún pe ẹran náà níjà.

Mo ní kí wọ́n gbé ọ̀bẹ sílẹ̀ ná. Mo sọ fún wọn pé bàbá yẹn kò purọ́ mọ́ wa, ohun tí wọ́n fi hàn án ló sọ, ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n sì fi hàn án. Èmi tí mo bí ẹ̀gbọ́n yín ńkọ́, mo ní. Mo wo ẹyọ kan yẹn, ọkàn mi sì kọsẹ̀. Bí kì í bá ṣe pé wọ́n tún tẹ́ ẹ sáàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ níwájú mi, ǹ bá bá wọn pe ọmọ mi lólè nínú mi títí n ó fi kú. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá mú ohun kan ṣoṣo wá fún yín nípa ọmọ ènìyàn, kódà kí ojú yín rí i, ẹ bèèrè àwọn ìyókù.

Àbíkẹ́yìn mi dìde, ó gbé itan náà sínú abọ́, ó fi òsì gbá etí abọ́ náà mú, nítorí ẹ̀jẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ọ̀tún.

Mo ní, "Lọ fọ ọwọ́ rẹ. Ọ̀tún ni kí o fi gbé e fún Bàbá Ọlọ́sàn."